Ẹni Tó Ń Gbá Kóòtù

Aago mẹ́fà àárọ̀, mo ti ṣílẹ̀kùn kóòtù Ṣágámù.
Eruku sìmẹ́ńtì kì í sinmi ní ìlú wa;
bí mo nù ún lánàá, á tún ti jókòó dè mí lónìí
bí olówó sọgúndogójì.
Mo nu àga adájọ́. Mo nu igi tí ẹlẹ́jọ́ ń dì mú,
tí òógùn ọwọ́ ti sọ di dídán.
Lẹ́yìn náà mo gbé ìwé òfin.

Ẹ ò mọ bó ṣe fúyẹ́ tó.
Agbọ̀n obì kan láti Sábó wúwo jù ú lọ.
Lọ́dún tí òjò pọ̀, ikán jẹ etí rẹ̀;
mo gbọ̀n wọ́n dànù,
mo sá a sójú fèrèsé bí aṣọ ọmọ tuntun.

Tíṣà Ṣódìmú, ará Màkún,
fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri káńsù:
“Kànga wa dà? Owó rẹ̀ ńkọ́?”
Ọ̀rọ̀ mẹ́fà.
Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ní àtìmọ́lé.

Ìyá rẹ̀ jókòó, ó di ìgò omi mú, kò mu ún.
Lọ́ọ̀yà ìjọba ní, “Ìlú ló dìbò yan ìjọba.
Olúwa mi, ta ló dìbò fún ẹ̀yin?”

Kóòtù pa lọ́lọ́.
Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi nípa ìlédì:
àwọn Òṣùgbó ò dádé,
ṣùgbọ́n ọba tó bá kọjá àyè rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi í.
Bàbá mi ò purọ́ pé wọn kì í ṣi ẹjọ́ dá.

Adájọ́ náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó tún un wọ̀.
Ó ní, “Ẹ gbé ìwé wá.”
Ó ṣí i dé ibi tí ikán jẹ,
ó fi ìka tọ etí rẹ̀ tó ya,
ó sì ka ìyókù.
“Ìbò ló gbé yín wọlé.
Kò sọ ara ọmọlọ́mọ di tiyín.
Ẹ tú u sílẹ̀.”

Wọn ò tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.
Ọjọ́bọ̀ ló tó jáde, ó ti rù kan egungun;
ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni kànga.
Kò tíì sí.

Èmi? Aago mẹ́fà ọjọ́ kejì, eruku ti dé.
Ìwé náà ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò.
Ikán méjì.
Mo pa méjèèjì.