Ẹsẹ̀ Kejì

Ní Winnipeg, oṣù kejì ọdún,
yìnyín bo ojú fèrèsé.
Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá,
mo dúró ti Dókítà Sigurdson bí ọmọ ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ:
ó na ọwọ́, mo fi irin lé e.
A gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Ọ̀gbẹ́ni Macaraeg nísàlẹ̀ orúnkún.
Iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dànù kò kún ife.
Ọ̀gá wo bí mo ṣe rán awọ, ó ní,
"Ọwọ́ rẹ ti ń mọ iṣẹ́."
Inú mi dùn. N ò níí purọ́, inú mi dùn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkùnrin yìí fi wa bọ́ọ̀sì
lọ sókè sódò títì Portage,
àtọ̀gbẹ lára, bàtà tó fún lẹ́sẹ̀.
Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ìléròrò kan yọ,
kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.
Ta ló bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wò ó?
Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní kó máa lọ.

Mo mọ orúkọ gbogbo iṣan tó wà nínú ẹsẹ̀,
mo lè fi ọwọ́ òsì ta kókó okùn abẹ́ nínú òkùnkùn.
Ẹ wá bi mí bí wọ́n ṣe ń bi awakọ̀
pé kí lo jẹ nídìí ọkọ̀ lálẹ́ àná.
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ wa nìyẹn,
lẹ́yìn oúnjẹ.
Ìdajì wa ti lọ, ìdajì tó kù ń sùn.
Èmi náà sùn.
Nínú igba ìbéèrè ìdánwò, mẹ́ta péré.
Akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ ohun tí ìdánwò ò sè.

Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.
Ayùn ni wọ́n kọ́ wa. A sì mọ̀ ọ́n lò.
N ò bú ayùn: lóru tí igi bá wó lu ilé,
ta ni yóò ránṣẹ́ pe apẹ̀ka?
Bí kò bá sí ti abẹ́ Sigurdson,
òkú là bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.
Àmọ́ ta ló ń ka igi tí kò wó?
Ẹsẹ̀ tí a kò gé
kò ní àwòrán nínú ìwé.

Nírọ̀lẹ́ mo padà sí ibùsùn rẹ̀.
Mo ní mo fẹ́ wo ojú egbò. Irọ́ ni.
Ẹsẹ̀ òsì ni mo bá wá.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rọra bọ́ ìbọ̀sẹ̀,
mo ń ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.
Luningning, aya rẹ̀, tó ń bó ọsàn, dá ọ̀bẹ dúró.
"Dókítà, kí ló sọnù?"
"Kò tíì sọnù, mà."
Lábẹ́ àtàǹpàkò, ojú pupa kan.
Mo fi ìka kàn án. Ó gbóná.
Kò sẹ́ni tí yóò fún mi ní máàkì lórí èyí.
Mo gbójú sókè:
"Bàbá, bàtà wo lẹ fi ń rìn nínú ilé?"