Ìdérí Tó Kọ̀

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì dé láti Ṣáṣá,
omi ọ̀kan ti ń kán láti ìsàlẹ̀.
"Òní ni, kì í ṣe ọ̀la," ni Jọláadé wí,
ó ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìjọ̀kà.

A kó ìgò wá: ìgò Báámà, ìgò oyin,
ìgò kọfí tí ọkọ Olúfúnbi ń kó ìṣó sí;
ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
a ṣì ń gbóòórùn irin.

Ìyá Akínlùà jókòó ti ìkòkò bí adájọ́ kọ́ọ̀tù.
Kò wo aago.
Ó ní omi tó bá hó dénú, ohùn rẹ̀ a yí padà.
"Ẹ da òróró lé e lórí."
"Ẹ má dà á o!"
Ìjà òróró yìí, ọdún kẹta rẹ̀ rèé.

Nírọ̀lẹ́ a tò wọ́n sórí tábìlì,
a dákẹ́, a dẹtí.
Kó.
Ìdérí kan ti fà wọlé. Kó. Òmíràn.
Akínlùà ń kà á bí ẹni ń ka owó olówó.
Mẹ́tàdínlógójì dáhùn.
Ìkan kọ̀.

A ò bá a jà.
Iṣu wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
A sọ olóríkunkun dọbẹ̀,
a jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
ọwọ́ wa pọ́n, èéfín wà nínú irun wa.

Bí òjò bá dé, tí tòmátì mẹ́ta bá di owó gidi,
màá ṣí ìgò kan nílé mi, èmi nìkan,
màá sì gbọ́ wọn níbẹ̀:
"Ẹ má dà á o!"