Ojú Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, èébì tún dé.
Ó mọ ọ̀nà ilé wa ní Ìyìn
bí ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé.
Àkùkọ kò tíì kọ,
Ìbíyẹmí ti di abọ́ mú,
orúnkún rẹ̀ méjèèjì lórí sìmẹ́ǹtì tútù.
Omi ló kọ́kọ́ bì, lẹ́yìn omi, itọ́,
lẹ́yìn itọ́, òróòro.
Mo kà á títí mo fi sọ kíkà nù.

Wọ́n ní ibà ni. A lo ti ibà.
Wọ́n ní aràn ni. A lo ti aràn.
Ìyá ọkọ mi ní wọ́n fún un jẹ lójú àlá,
ó gbọn aṣọ ìbora rẹ̀ síta lójú fèrèsé lóru.
Olùkọ́ rẹ̀ ní kò fẹ́ ṣe ìdánwò ni.
Èmi ń rán aṣọ oníbàárà,
ẹsẹ̀ kan ń tẹ máṣìn-ìn,
ẹsẹ̀ kejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Ti ẹ̀ẹ̀kẹfà ni kò fẹ́ lọ.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ní, "Màmá, ẹ ti di méjì."
Mo rẹ́rìn-ín.
Kí Ọlọ́run má ka ẹ̀rín yẹn sí mi lọ́rùn.
Mo wo ojú rẹ̀: ẹyin ojú ń gbọ̀n,
ó ń sáré sọ́tùn-ún, ó ń fà padà,
bí abẹ́rẹ́ máṣìn-ìn tí òwú rẹ̀ ti já
tí kò mọ̀, tó ṣì ń rán afẹ́fẹ́.
Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di ògiri mú,
ó bi ògiri pé, "Ṣé Yèyé ti ti oko dé?"
Yèyé tí a sin léṣìí.

A gba Adó, a gba Ìfàkì, a dé Ìdó.
Dókítà Fálúyì, oorun ṣì wà lójú rẹ̀,
kò bèèrè ẹni tó fún un jẹ.
Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni oúnjẹ kò ti dúró nínú rẹ̀?"
Mo sọ ọ́. Ó dákẹ́. Ó sáré.
Ó ní ọpọlọ náà ń jẹun.
Fítámì kan wà, kò ju eruku ìyẹ̀fun lọ,
tó bá tán lára,
iná ojú àti ẹsẹ̀ á máa ṣẹ́jú.
"Fítámì kọ́kọ́, kí omi ṣúgà tó wọlé,"
ló ń pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ kejì, ẹyin ojú dúró.
Ó wò mí.
Èmi kan ṣoṣo ló rí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́ràn tán.
Ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì aṣọ sàmì sí kàlẹ́ńdà.
Báàgì wa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ìwé dókítà wà nínú rẹ̀.