Ṣòkòtò Fífẹ̀

Bàbá wa, télọ̀ Arákàlẹ̀,
ẹni tó mọ ìbàdí gbogbo àdúgbò ní ínṣì,
kò jẹ́ kí téèpù kan ìbàdí tirẹ̀.
Lọ́dọọdún ni ṣòkòtò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i.
A ní ìmúra àgbà ni.
Ìyá wa nìkan ló ń wò ó tí kò sọ̀rọ̀.

Ìpá ni. Mo lè pè é báyìí.
Nígbà náà, orúkọ rẹ̀ wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ:
ọmọdé ń fi í bú ara wọn lójú títì,
àgbà tó bá sì ní in a máa rìn
bí ẹni tó jí ẹyin pamọ́ sí itan.

Lóru, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé:
ìtọ̀ á kán, tó, tó,
á dúró.
Á mí kanlẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ ti nǹkan náà sókè
bí ẹni ń fún aṣọ tútù,
ìgbà yẹn ni ìyókù á tó wá.
Ọdún mẹ́ta. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń tọ̀ nìyẹn.

Ìgbà ọyẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú,
tí bàtà kọ̀ ọ́, tí oúnjẹ ń rùn sí i,
tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò wá a.
Akínsúrọ́jú gbé e sórí ọ̀kadà,
èmi lẹ́yìn, mo dì í mú bí àpò gààrí.

Dókítà Àdúwò gbé àwòrán inú sí iná:
“Kì í ṣe ìfun ló wà nínú ìpá yìí.
Àpò ìtọ̀ ni. Ó gba ihò yọ́ jáde,
ó fa ọ̀nà ìtọ̀ tẹ̀lé e, wọ́n lọ́.
Omi ò ríbi gbà, ó padà sẹ́yìn,
ó wọ kíndìnrín bí odò Àlà ṣe ń wọ ilé onílé lójò.
Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa rí irú ẹ̀ nìyí.”

Bàbá wo àwòrán náà pẹ́.
“Ojú rírán ló tú.”
“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”
“Ẹ má kàn rán an o. Ẹ fi nǹkan lẹ̀ ẹ́.
Aṣọ tó ti gbó kì í di òwú mú.”
Dókítà rẹ́rìn-ín: àwọ̀n kékeré kan ti wà fún un.

Kíndìnrín ọ̀tún jí. Ti òsì ò jí.
Wọ́n ní ó ti sùn tipẹ́,
nígbà tí a ṣì ń pe ìtìjú ní sùúrù.

Lánàá, bàbá na téèpù sí mi.
“Di orí ẹ̀ mú.”
Ó yí i ká ìbàdí ara rẹ̀.
“Mélòó?”
Mo kà á.
Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kà.