Aago Olójú Mẹ́rin

Àwòrán kan wà lára ògiri ìsọ̀ mi ní Sápọ́n,
láàárín kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti aago tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbé.
Ó ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ.
Ilé gogoro ni, aago wà lójú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
kò sí èyí tó bá èkejì mu.

Sista Fínbà ló fún ìyá mi,
nígbà tí ìyá mi ń fọ aṣọ ibùsùn aláìsàn ní Lántòrò.
"Ìlú mi nìyí," ló wí, "Kọ́ọ̀kì."
Àwọn aláìsàn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé:
ta ní í fi ìdérí ìgò sọ ìlú lórúkọ?
Ó ní rárá o, àbàtà ni ìtumọ̀ rẹ̀
lédè tí àwọn baba òun ń sọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e mì.
Orí ẹrẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó,
odò pín sí méjì, ó gbá a mọ́ra,
ọkọ̀ ojú omi ń wọ̀ ọ́ bí ẹni ń wọ yàrá.
Ìyá mi sọ agbọ̀n aṣọ kalẹ̀:
"Àwa sá wá sábẹ́ àpáta, ẹ̀yin dúró lórí ẹrẹ̀.
Ta ló lé yín débẹ̀?"

Yorùbá rẹ̀ kò lóhùn.
Ó fẹ́ wí pé ọkọ̀ ló gbé òun dé Èkó,
ó ní ọkọ ló gbé òun dé Èkó,
ọkọ ńlá, tó ń rú èéfín,
tó gbé igba èèyàn sínú!
Ní wọ́ọ̀dù obìnrin, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán di ojú ọgbẹ́ mú.

Ṣùgbọ́n bó bá kan ebi, ohùn rẹ̀ kì í ṣì.
Ànàmọ́ òyìnbó jẹrà nínú ilẹ̀,
àgbá bọ́tà sì ń yí gbirigbiri lọ sí èbúté
lójú ẹni tí kò rí jẹ.
Ẹni tó lẹ́sẹ̀ bọ́ sọ́kọ̀;
òkun jẹ nínú wọn kí Amẹ́ríkà tó rí ìyókù.
Ìyá mi ní, "Hẹ̀n," ó ranjú mọ́ ọ̀nà Aro.
Ìyá tirẹ̀ a máa ka orúkọ àwọn ìlú Ẹ̀gbá tó jóná,
kì í kà á tán.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wíwú lọ bá a.
Tíṣà nà mí lẹ́gba mẹ́fà: mo sọ Yorùbá ní kíláàsì.
Ó fi omi tútù sí i. Kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó yá, ó ní igi ni wọ́n so kọ́ ìyá ìyá òun lọ́rùn nílé ìwé;
ọ̀rọ̀ èdè ìyá rẹ̀ kan, ojú ọ̀bẹ kan lára igi,
ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń nà án.
"Kí ni ìwọ sọ?"
"Mo ní kí Ṣóyọyè dá pẹ́ńsù mi padà."
Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí.
Òun náà wí i, ohùn ṣì,
ó tún un wí, ó tún un wí, títí ó fi tọ́.
Bóyá ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe. N kò mọ̀.

Àyà ló mú un relé, lọ́dún tí Ògùn kún dé ẹnu ọ̀nà wa.
Lẹ́tà méjì wá. Ìkẹta kò dé.

Ìbíyẹmí ọmọ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ báyìí.
Ó pè lánàá: "Bàbá, mo wà lábẹ́ aago yín."
Mo bọ́ awò ojú mi. "Kí ló wí?"
"Ojú kan ní aago méjì ku díẹ̀, òmíràn ní ó ti kọjá.
Òpùrọ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀."
Ọwọ́ mi ti ń wá irinṣẹ́ lórí tábìlì.
"Ṣé wọn ò lẹ́ni tí yóò tún un ṣe ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ń fọn lẹ́nu fóònù.
Ó ní kí n má bínú, ọkọ̀ òun ti dé,
àbí ọkọ òun ti dé;
ìlà gé kí n tó bi í.