Àádọ́ta Ọ̀rọ̀

Àádọ́ta ọ̀rọ̀ péré ni Ọ̀mọ̀wé Tulk fún mi.
"Rhoda, ẹni tó dúró níwájú ògiri kì í ní sùúrù;
ibi tí yóò ti mu kọfí ló ń rò."
Èmi tí mo ti fi ọdún méjì jókòó ti ìwé ní yunifásítì,
tí mo mọ bí a ṣe ń fi ìbọ̀wọ́ funfun gbé àwòrán,
bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà sídìí ife láì ba ife jẹ́,
mo wà ní yàrá ẹ̀yìn mùsíọ́mù Merrin Cove,
òtútù oṣù kejì ń súfèé lójú fèrèsé,
mò ń fi ìka ka ọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Ilé tó rìn lórí omi ni mo fẹ́ sọ.
Ìjọba ìgbà náà ní erékùṣù wọn jìnnà jù,
kò sí dókítà, kò sí títì, tíṣà kì í pẹ́ níbẹ̀.
Wọ́n ní kí ilé dìde.
Ilé sì dìde lóòótọ́:
wọ́n so àgbá òfìfo mọ́ ọn nídìí,
ọkọ̀ apẹja mẹ́fà ń fà á,
tòun ti kọ́tìnnì lójú fèrèsé,
ó ń rọra bọ̀ bí ìyá àgbà tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mo kọ ọ́ pé: "Gbogbo ará erékùṣù fọwọ́ sí i
láti kó lọ sí èbúté tuntun."
Mo kà á. Ó ṣe rẹ́gí.
Mo gbé e lọ fún Eleazar Pardy,
ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ilé wọn gbéra.
Ó fi ṣíbí ro tíì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè.
"Ta ni gbogbo?"

Mo tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn:
fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ná, lẹ́yìn náà ìbéèrè,
lẹ́yìn náà kí o pa ẹnu rẹ mọ́.
Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mi ò tíì yege rí.
"Bàbá mi kò fọwọ́ sí i," ó ní.
"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìbò ni wọ́n kà.
Ilé wa tẹ̀lé ilé wọn lórí omi,
o lè ju òkúta láti ọ̀kan dé èkejì,
ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí dé ibojì
wọn kò kí ara wọn mọ́.
Àlùfáà bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u."

Ẹ̀rọ gba ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin sílẹ̀.
Nígbà tí mo fẹ́ dà á kọ sínú ìwé,
mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.

Mo yọ "gbogbo". Mo fi "ọ̀pọ̀" síbẹ̀;
ọ̀pọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi bí òpùrọ́.
Mo gbìyànjú "àwọn kan". Mo gbìyànjú iye ìbò.
Ó di ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rin.
Ọ̀mọ̀wé Tulk mú bírò pupa:
"Ó dára. Ó gùn. Ó pẹ́."
Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi pẹ́ jẹ máàkì mi.

Lọ́jọ́ ìṣíde, olórí ìlú gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n pín kéèkì.
Eleazar wọ kóòtù tó fi ń lọ ìsìnkú,
ó dúró níwájú ògiri, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà.
Kò sọ nǹkan kan. Ó jáde lọ wo omi.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, àpò ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà,
okùn ìpẹja ni wọ́n fi dì í.
Fọ́ọ̀mù ìjọba ni, ó ti pọ́n bí eyín amutábà.
Wọ́n ti tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ sókè dè é.
Nísàlẹ̀, níbi ìfọwọ́sí: òfo.
Àti àbàwọ́n tíì kan.

Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo tún bọ́ ọ.
Mo fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, wẹ́rẹ́.
"Àkọlé rẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀mọ̀wé Tulk bi mí.
Mo ní ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.
Mo ṣì ń rò ó.