Lókè Yàrá Ìyá Àgbà

Ẹ rọra jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Harlan.
Òkè Sinaloa ṣì ń sùn. Kọfí yín ti tutù,
fìlà yín sì fẹ̀ ju oòrùn tó ń bọ̀ lọ.

Ẹ ju ìwọ̀ sápá òsì, lẹ́bàá igi gbígbẹ.
Ẹ má kánjú fà á. Kí ekòló rọ́bà náà ṣe bí olókùnrùn:
ohun tí kò lè sá ni báàsì ń lé.

Ibi tí mo pa ẹ́ńjìnnì sí yìí, títì ni.
Ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, lábẹ́ ẹyẹ funfun tó bà sómi.
Wọ́n yọ agogo rẹ̀ kí omi ìsédò tó dé.
Ilé Eulalia, ìyá mi àgbà, ló tẹ̀ lé e:
yàrá méjì, igi gúáfà kan.
Àwa kó jáde, wọ́n fi táńkì gbé ẹja wọlé.

Ó ti gbé e! Ọ̀pá sókè!
Kílò mẹ́rin. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n bíi ti ọkọ ìyàwó.
Ẹ ya fọ́tò, ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu,
ẹ wá dá a padà jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ti sùn.

Ọdún kọkànlélógún rèé, kò tíì yé mi
kí èèyàn wọ bààlù nítorí ohun tí kò ní jẹ.
Àmọ́ ó ń rì lọ, ó ń ju ìrù sọ́nà ilé wa,
mo sì fẹ́ bi í
bóyá igi gúáfà náà ṣì dúró.